Òkúta Ààlà Tí Mo Hú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ó ku tèmi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lo mọ́kàndínlógún.

Ẹ mọ ìyá aránṣọ tó múlé tì wá. Èmi ni mo jí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín, kọńgílá, fẹ́ kọ́lé, ilẹ̀ tirẹ̀ kò sì tó o. Ó ní, "Àna mi, ìṣísẹ̀ méje péré ni. Opó ni, kò níwèé, ta ló máa gbà á gbọ́?" Èmi awọnlẹ̀ tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀, mo gbé ṣọ́bìrì lọ́sàn-án gangan, mo hú òkúta ààlà, mo sì lọ rì í sínú ilẹ̀ obìnrin náà. Àwa awọnlẹ̀ máa ń sin èédú sábẹ́ òkúta, kí ó lè fi ojú ààlà hàn bí ẹnikẹ́ni bá hú òkúta náà, nítorí èédú kì í jẹrà. Mo rí i níbẹ̀, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó padà. Ojú tì mí, àmọ́ kò tì mí tó.

Ìyá aránṣọ pè wá lẹ́jọ́. Aládùúgbò mẹ́ta bá a wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Mo gbé ìwé mímọ́ sókè, mo búra pé òkúta náà kò kúrò níbi tí a rì í sí. Adájọ́ gba ìwé mi, ó pa ẹ̀rí wọn tì. Nígbà tí a jáde, mo rò pé obìnrin náà yóò gbé mi ṣépè. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, awọnlẹ̀. Ilẹ̀ ò ní sá lọ."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe. Lọ́dún kẹta, àwọn kan fẹ́ gba ilé bàbá mi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìwé ilé sì ti jóná. Ta ló dìde níwájú adájọ́? Ìyá aránṣọ! Ó ní ìṣojú òun ni bàbá mi ṣe fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. A jàre. Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbèjà irú mi. Ó wò mí: "Ohun tí mo rí ni mo sọ. Tí aládùúgbò bá ń purọ́ mọ́ aládùúgbò, kí ni ìwé fẹ́ ṣe fún wa?" Áà, èèyàn nìyẹn! Mo ti wọn ilẹ̀ olówó, mo ti wọn ti ìjọba, n kò tíì rí ẹni tó níyì tó o. Èmi ọ̀dàlẹ̀ ni mo dúró tì í, tí mo ń dúpẹ́.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún adájọ́, mo ya àwòrán ibi tí èédú wà, mo fọwọ́ sí i. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá aránṣọ fúnra rẹ̀ lánàá. Ó sunkún. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bá a wí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì fi òǹtẹ̀ ọwọ́ yín ti irọ́ lẹ́yìn láé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kọńgílá kò dá ilẹ̀ náà jẹ. Ó kọ́ yàrá méjì fún mi níbẹ̀, ó fi dúpẹ́. Èyí tí mo dùbúlẹ̀ sí yìí ni ọ̀kan, èyí tí àbíkẹ́yìn mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ni ìkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù yín.