Rótò Tí Mo Yá Oyèlọlá

Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára bóòdù tí ẹ gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà mẹkáníìkì ní Ore. Èmi Fádáre fúnra mi ni mo ní kí ẹ yọ ọ́. Dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi, kò pọ̀, n kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ ń pè mí ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá, tí ẹ ń sọ pé mo gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì, ẹ kò mọ ẹni tí ẹ ń yìn. Ọkọ̀ tó sọ mí di ọ̀gá lójú yín, èmi ni n kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ọdún 1984 ni. Ìjọba ológun ti dí ọ̀nà ọjà òkè òkun, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n bí imí eégún. Ìgbà náà ni Oyèlọlá, mẹkáníìkì bíi tèmi, wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ mi ní Ore. Alágbàṣe ni bàbá rẹ̀ nínú oko kòkó ní Omifunfun. Èmi, ọmọ onílẹ̀ ni mí ní Odigbo. Ọmọ àgbàṣe ni mo máa ń pè é lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Á kàn nu ọwọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Bí a bá ṣíná ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń yí tí kò dáhùn, èmi á máa tú gbogbo nǹkan kiri. Òun á wò ó bóyá epo ń dé, á wò ó bóyá iná ń dé, á sì fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó bàjẹ́. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú mi kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá sọ́jà kan gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wá fún un. Ó ń yí, kò dáhùn. Sọ́jà náà ní kó tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Oyèlọlá rí i pé epo ń dé, iná sì ń jáde láti inú kọ́ìlì, ṣùgbọ́n kò dé orí púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ ìdérí dìsìtíríbútọ̀. Ó ku rótò, ike kékeré tó ń yí nínú rẹ̀, tó ń pín iná káàkiri. Kò sí tuntun lọ́jà. Ẹ mọ àṣà wa: mẹkáníìkì tí kò ní nǹkan á yá èyí tó dára lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, á fi dán ọkọ̀ wò, á dá a padà. Kò sẹ́ni tó ń yẹ ohun tí wọ́n yá a wò. Ó wá bá mi.

“Ọ̀gá Fádáre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní rótò tó dá yín lójú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ti ọkọ̀ yìí ló bàjẹ́.”

Méjì ló wà nínú agolo mi. Ọ̀kan dára. Èkejì ti sán, ó ń da iná nù sára irin. Èyí tó sán ni mo nù mọ́, tí mo gbé lé e lọ́wọ́. Mo ní ara ọkọ̀ tó ń rìn ni mo ti yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmúdù onírewáyà, tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, wà níbẹ̀. Ó rí ibi tó sán, ó rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tí Oyèlọlá lọ tán, ó bi mí bóyá mo fẹ́ pa ọmọ àgbàṣe ni. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó pa á mọ́ títí ó fi kú.

Oyèlọlá dán an wò, kò dáhùn. Ẹni tó bá ti fi rótò tó gbà pé ó dára dán ọkọ̀ wò kò ní fura sí rótò mọ́. Ó yọ tèmi, ó dá ti tẹ́lẹ̀ padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tèmi wá, ó dúpẹ́. Mo ní kò tó ọpẹ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ó wá gbà pé iná ń dé orí púlọ́ọ̀gì, pé oòrùn ni kò jẹ́ kí ojú òun rí i. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà délẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí táyà, tí mo ń wò ó. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá fi dá a dúró. Ó tò ó padà. Ó ń yí, kò dáhùn.

Sọ́jà náà dé ní Jímọ̀ọ̀. Ó mú un kúnlẹ̀ sẹ́bàá títì, lójú èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin, ó ní kó máa sọ pé, “Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì.” Oyèlọlá ń sọ ọ́. Èyí tó burú jù ló kù. Mo fi rótò tó dára sápò, mo lọ síbẹ̀. Mo tẹ́tí sára ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, òṣèré lásánlàsàn, mo ṣí dìsìtíríbútọ̀, mo pààrọ̀ rótò lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, mo ní kí wọ́n ṣíná. Ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo títì pàtẹ́wọ́. Mo yíjú sí Oyèlọlá tó ṣì wà lórí eékún, mo ní:

“Padà sídìí kòkó, ọmọ àgbàṣe.”

Ó padà. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ọjọ́ náà ni òkìkí mi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin òmùgọ̀ ò sì tíì dẹ́kun àtẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Ọládùnní, ìyàwó rẹ̀, ní Omifunfun. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Mo gbé rótò tó sán náà lé e lọ́wọ́. Ó yí i wò títí.

Ó ní, “Bàbá, ó máa ń dárúkọ yín nínú àdúrà. Ó ní ẹnu yín ni ò dáa, pé inú yín dáa. Ó ní ní gbogbo Ore, ẹ̀yin nìkan lẹ yá òun ní nǹkan.”

Kò bú mi. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ọládùnní ni mo ń bẹ̀, n kò bẹ ẹ̀yin. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ máa yá ara yín ní nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ ohun tí wọ́n bá yá yín wò, pàápàá bó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé ń yìn. Ní ti bóòdù yẹn, orúkọ Oyèlọlá ni kí ẹ kọ sí i. Òun ni mẹkáníìkì.