Ààbọ̀ Hóró Oògùn Tí Ọlọ́run Fi Gbé Mi Dìde

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ tún yìn ín! Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wá síwájú yìí, ẹnikẹ́ni ò dì mí mú. Ọlọ́run ṣeun.

Àgbẹ̀ oníṣu ni mí níbí ní Kòmu, gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí Bàbá Fúnmi. Nígbà tí àìsàn ọkàn yìí dé, ẹsẹ̀ mi wú bọ̀ǹbọ̀, bí mo bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, mímí á di ogun. Orí àga ni mò ń sùn, torí bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Àwọn ọmọ bá gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ṣakí.

Dókítà obìnrin kan ló gbà mí, ó kéré sí Fúnmi ọmọ mi. Ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ó fún mi ní oògùn tó ń mú kí omi ara jáde, ó wá fi òmíràn kún un, èyí tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí iṣẹ́ ọkàn lè fúyẹ́. Ààbọ̀ hóró péré ló ní kí n máa lò nínú ìkejì yìí.

Inú bí mi. Mo ní, "Dókítà, ààbọ̀ kẹ̀? Èmi tí mò ń kọ ebè?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, apá yín kọ́ ló ń ṣàìsàn. Bí mo bá fún yín ní púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfúnpá yín tí wọ́n ń pè ní bípí á já wálẹ̀, ẹ ó sì ṣubú. Ẹ jẹ́ ká rọra máa fi kún un."

Ọmọ yìí ní sùúrù o! Bí mo bá ti débẹ̀, á wọn bípí mi lórí ìjókòó, á ní kí n dìde, á tún wọ̀n ọ́n. Bí ara mi ṣe ń gbà á ló ń fi kún oògùn. Ẹsẹ̀ mi tó wú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ti fi kún un, mo lo oògùn méjèèjì pọ̀, mo kúnlẹ̀ gbàdúrà. Bí mo ṣe ní kí n dìde, òòyì kọ́ mi, mo bá ara mi nílẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní ká da oògùn náà nù, pé òun ló fẹ́ pa mí. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi! Ó gbàdúrà lórí mi tomijé-tomijé, ó wá pe dókítà.

Dókítà ní, "Ìyá, ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ẹ gbé bàbá wá nísinsìnyí."

Nígbà tá a débẹ̀, kò bínú sí wa. Ó wọn bípí, ó tẹ ẹsẹ̀ mi wò, ó ní omi ti dín lára mi. Ó wá dín oògùn omi kù, ó dá èkejì padà sí ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, ó sì ní kí n má lò wọ́n pọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà la tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un, díẹ̀díẹ̀, títí a fi dé ibi tó ń fẹ́. Ẹ wò ó, mo gba ti ọmọ yẹn!

Ẹ tún gbọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi ń gbọ̀n mí jìgìjìgì. "Bàbá Fúnmi! Bàbá Fúnmi!"

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó bú sẹ́kún. Kò bá mi lórí àga mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti bá mi, mo nà gbalaja, mi ò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Ó rò pé mo ti kú ni. Oorun ni mò ń sùn o! Oorun gidi! Ẹ̀yin ará, àwa méjèèjì jọ sunkún, a jọ rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì ń lo oògùn mi, mi ò ní fi sílẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá ọkàn, tó sì fún ọmọ èèyàn lọ́gbọ́n àtitọ́jú rẹ̀. Ẹ rántí dókítà yẹn nínú àdúrà yín. Tiyín náà á dayọ̀. Ó yá, ẹ bá mi jó!