Ọdún Tí Igi Sóyà Kọ̀ Láti Gbẹ

Ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ tú ẹrù ọkàn rẹ̀ wò kó tó di ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Sàláhúdéènì ti di ẹrù ọwọ́ tán. Ti ọkàn ló kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nígbà ẹ̀rùn ọdún 1988, àwọn ènìyàn kó jọ sílé rẹ̀ ní South Shore, ní Chicago, láti ṣàdúà ìrìnàjò fún un. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí gbogbo ohun tí mo bá fi ṣẹ̀ yín." Wọ́n dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn irú rẹ̀: "A ti forí jì yín o! Ọlọ́run á forí ji gbogbo wa!" Àwọn kan tilẹ̀ ti ń nawọ́ sí mọ́ín-mọ́ín. Ṣùgbọ́n Sàláhúdéènì kò jókòó.

"Ẹ má tíì forí jì mí," ó ní. "Ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ ń forí jì. Òtítọ́ kan há mi lọ́fun. Bí n kò bá pọ̀ ọ́ lónìí, òun ni n ó máa gbé gun òkè Àráfà."

Alhaja Ràhámọ̀tù, tó dàgbà jù nínú ilé náà, wò ó. "Sàláhù, ṣé kì í ṣe pé o ti fi ìyàwó kejì pa mọ́ sí Homewood?"

Ẹ̀rín sọ. Sìmíátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rín. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ ru.

"Kì í ṣe ìyàwó, Alhaja. Ọ̀rọ̀ Jìbírílù ni."

Jìbírílù àbúrò rẹ̀ wà lẹ́bàá wíńdò, nídìí fáànù kan tó ti kú láti òwúrọ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ jẹ mí? Àfi bí ẹ bá fẹ́ dá taya mi àtijọ́ padà."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Jìbírílù, tó ń ti ibùsùn aláìsàn kiri ní ọsibítù, kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí iná ọkọ̀ rẹ̀ bá kú lásán, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Sàláhúdéènì ló ń gbé e lọ. "Ọwọ́ mi àti irin kì í jẹun nínú àwo kan," ló máa ń wí. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti wí i ni Sàláhúdéènì máa ń yára ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀.

"Jìbírílù, o rántí oko Baba Halani?"

"Há! Ẹ̀gbọ́n, ta ló lè gbàgbé!"

Ojú àwọn méjèèjì lọ sí ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1983 ni. Ilé iṣẹ́ irin ti dá wọn dúró, Sàláhúdéènì sì wá iṣẹ́ ìkórè fún àwọn méjèèjì. Wọn a wọ ọkọ̀ ojú irin dé ìlú Homewood lẹ́yìn Chicago, Baba Halani, òyìnbó arúgbó tó ni oko náà, a ti dúró dè wọ́n nínú píkáàpù pẹ̀lú kọfí gbígbóná. Oko sóyà a tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ibi tí sánmà ti kanlẹ̀, eruku àti òórùn epo dísù a máa dùn mọ́ wọn nímú bí ìgbà tí wọ́n ń gbóòórùn ọbẹ̀. Sàláhúdéènì ì bá fẹ́ kí ìtàn náà parí síbẹ̀.

"Ọ̀dá dá lọ́dún yẹn bíi ti ọdún yìí," ó ṣàlàyé fún àwọn tó kù. "Òjò wá pẹ́ kó tó rọ̀. Èso sóyà gbó, èèpo rẹ̀ ń ró ṣáṣá, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kọ̀ kò gbẹ. Ó tutù, ó yi bí okùn. Kọ́ńbáìnì tí a fi ń kórè ní àgbá ìpakà kan tó ń yí bìrìbìrì lórí asẹ́ irin. Àárín àwọn méjèèjì ni èèpo ti ń fọ́. Èso á jò sílẹ̀, igi á gba ẹ̀yìn jáde. Igi gbígbẹ máa ń ṣẹ́. Igi tútù ń wé mọ́ àgbá bí ìró tútù ṣe ń wé mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ á kérora, á dákú."

"Bẹ́líìtì á máa rùn bí irun jíjóná," Jìbírílù fi kún un, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo rí ojúùtù rẹ̀. Èmi ń bú ẹ̀rọ, ìwọ wọ abẹ́ rẹ̀. O pọ́n gbogbo ọ̀bẹ rẹ̀. O ní ká má wọ oko láàárọ̀, ká jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ gba ìrì. O ní ká rọra wà á bí ẹni gbé aláboyún. O wá ń ṣí àlàfo àárín àgbá àti asẹ́ díẹ̀díẹ̀, ò ń bu èso sí àtẹ́lẹwọ́ wò, títí kò fi sí èyí tó là mọ́. Baba Halani ní òun á fi ọ̀kan nínú wa sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun nígbà òtútù, òun á kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò dárúkọ ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ìwọ ló ń wò. Inú mi bàjẹ́. Ṣé ọmọ tí mo fọwọ́ fà wọ oko ni yóò jókòó, kí èmi máa lọ?"

Jìbírílù ti dẹ́kun fífẹ́ ara rẹ̀.

"Baba lọ síbi ìsìnkú lọ́jọ́ kan. O ṣe àlùwàlá, o ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kírun.' Mo ní n ó kí tèmi tó bá yá. Bí o ṣe gba ẹ̀yìn àká lọ, mo mú sípánà. Mo fún àlàfo náà pinpin, mo fi kún eré àgbá, mo sì tẹ iná. Mo fẹ́ kí Baba dé bá oko náà ní kíkórè tán. Ẹ̀rọ náà ń gbé igi tútù mì, kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ń kọrin! Ìgbà tí mo gun orí ẹ̀rọ lọ wo èso, ó ti là sí méjì-méjì bí ẹ̀wà tí a bó fún àkàrà."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú.

"Ibẹ̀ ì bá jẹ́ àṣìṣe lásán. Ṣùgbọ́n mo dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tí o fi í sí. Mo fi ọ́ìlì nu ojú ibi tí sípánà ti họ, kí ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lè bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn oníbàárà Baba dá èso náà padà torí pé ó ti là, ó bi wá pé ta ló tún àlàfo ṣe. O ní, 'Èmi ni, sà.' Ó ní kí o wo ojú òun. Ìwọ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, àgbà ń bínú, o tẹrí ba, o tún káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní ẹni tí kò lè wojú òun mọ ohun tó ṣe. Mo ti pẹ́ ní Chicago jù ọ́ lọ. Mo mọ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ka ẹni tó bá wolẹ̀ sí ẹlẹ́bi. Gbólóhùn kan ni n bá sọ: 'Baba, ọ̀wọ̀ nìyẹn nílé wa.' Mo dákẹ́. Ó lé ọ, ó ní kí èmi dúró kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ní ibùdókọ̀ Homewood, ìwọ lo tún ń bẹ̀ mí: 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti bà yín lórúkọ jẹ́.' Mo sì dáhùn pé kò burú."

"Lá ìláhà ìlà Láhù," Alhaja Ràhámọ̀tù wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́, ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ọwọ́ tí ẹ bá mú kó bẹ̀rù ara rẹ̀, ẹ kò ní rí sípánà rẹ̀ rà." Sàláhúdéènì bá na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀. Alhaja ní, "Sàláhù, a kì í rí i kí àgbà dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé!" Kò dìde.

Jìbírílù ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Àlàfo tèmi kò la èso?"

"Kò la ẹyọ kan."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Ọwọ́ rẹ ló dáa jù nínú àwa méjèèjì."

Jìbírílù pa àtẹ́lẹwọ́ náà dé. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti tú kọ́ńbáìnì yẹn lójú inú àìmọye ìgbà, mò ń wá ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Ẹ máa lọ sí Mẹ́kà, ẹ bẹ Ọlọ́run. Tèmi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. N kò bínú rí, torí n kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ mi ni."

Ooru mú bí iná.

Jìbírílù yí sí fáànù tó ti kú, ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. "Àǹtí Sìmíátù," ó ní, "ẹ bá mi mú sikurudíráfà wá."

Sàláhúdéènì ṣì dojú kọ ilẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó ti ń gbọ́ bí sikúrù ṣe ń já sínú àwo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.