Bísíkíìtì Méjì Lọ́wọ́ Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó kó wa jọ sínú ilé rẹ̀ ní Ìkòsì yìí, òun ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, aṣọ dúdú ni à bá wọ wá síbí lónìí. Ẹ yin Olúwa!

Ẹ má bínú pé inú ìwé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ mi. Láti ọjọ́ Tuesday ni mo ti ń kọ ọ́, nítorí mo mọ ara mi. Tí mo bá dé iwájú èrò, ọ̀rọ̀ máa ń sá kúrò lẹ́nu mi bí ẹni pé wọ́n lé e. Prámárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, nítorí náà bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ kíláàsì àwọn ọmọdé, tí mo sì máa ń mú wọn lọ tọ̀ nígbà ìwàásù. Mò ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Kétu. Brother Múyìwá tó ń wa bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ mí ní Sister Kẹ́lẹ́, nítorí wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ohùn mi rí. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá mi gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí léèsì kọ́sítọ́mà. Wọ́n ti yíjú sí obìnrin náà, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mò ń wo léèsì náà bó ṣe ń pọ́n, ojú ń tì mí láti já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Èéfín ló sọ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìtìjú yìí ju ìwà pẹ̀lẹ́ lọ. Ìdè ni.

Nígbà họ́lídè tó kọjá yìí, Aunty Fúnkẹ́, tí wọ́n jẹ́ olórí àwọn tíṣà ọmọdé, ní kí a kó àwọn ọmọ lọ wo igbó kan tí wọ́n dá sí ní ìpẹ̀kun Èkó lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí pa ẹran. Wọ́n ní tòmátì àti lọ́rí nìkan ni àwọn ọmọ Mile 12 ń rí láàárọ̀ lálẹ́, kí wọ́n lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Láti Màgódò tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ti gbé odindi páálí bísíkíìtì wá.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, ara mi kò balẹ̀ láti òwúrọ̀. Mo wọ bàtà, mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀. Mo bu omi, mi ò lè mu ún. Bí mo ṣe wà níbi tí bọ́ọ̀sì méjì tó fẹ́ gbé wa lọ dúró sí, Ìyá Ìbejì tó ń ta tòmátì ní Mile 12 mú Táyé àti Kẹ́hìndé wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n. Aṣọ wọn jọra, yẹ́lò, bàtà wọn jọra, pupa, tuntun, ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún wọn ni.

Ìyá wọn di ọwọ́ mi mú. "Sister, ojú ẹ lojú mi o. Táyé yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbélẹ̀. Kẹ́hìndé ò sì ní fẹjọ́ ẹ̀ sùn, kódà kí o fi ata sí i lójú."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà."

A dé ibẹ̀, ará! Igi gíga, igi gbọọrọ, òòrùn kò ráyè dé ilẹ̀. Afárá onípákó ni wọ́n kàn gba orí omi dúdú kan kọjá, ó gùn lọ réré, pákó rẹ̀ ní àlàfo. Wọ́n ya àwòrán ọ̀nì sára pátákó kan níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo, wọ́n ń sáré. Mo ń wò wọ́n lọ, mo ń wò wọ́n bọ̀, ọrùn ń ro mí. Ṣàdédé ni ọ̀bọ kan bẹ́ sílẹ̀, ó já ọ̀rá ẹ̀pà gbà lọ́wọ́ Aunty Fúnkẹ́. Aunty figbe ta, "Yéè! Olè!" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Àwọn ọmọ fọ́n ká, wọ́n ń sá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀tá ti rí àyè.

Nígbà tó di bí aago mẹ́rin ààbọ̀, a kó wọn jáde wá síbi tí bọ́ọ̀sì wà. Aunty Fúnkẹ́ na ìka, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Ení, èjì, ẹ̀ta..."

Mama Díákónì, tí wọ́n bá wa lọ, ké mọ́ wọn. Ẹ̀yin náà mọ Mama, ọmọ onílẹ̀ Ìkòsì níbí, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ẹnu wọn. "Fúnkẹ́! Ká ìka ẹ kò! Ta ní ń ka ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń ka ewúrẹ́?"

"Mama, ká lè mọ̀ bóyá wọ́n pé ni o."

"Wọ́n pé lórúkọ Jésù. Mélòó ni bísíkíìtì ẹ?"

"Mẹ́rìndínlógójì, Mà. Iye ọmọ tó wà nínú rẹ́jísítà gan-an ni mo rà."

"Ehn-ehn. Pín in fún wọn. Bí bísíkíìtì bá tán, ọmọ pé. Bísíkíìtì ni kó o kà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a ní ọgbọ́n àgbà. Èmi ni wọ́n gbé páálí fún. Ọmọ tó bá gbà á, á wọ bọ́ọ̀sì tó bá wù ú. Nígbà tó kan Kẹ́hìndé, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ti Táyé rèé." Mo fún un ní méjì. Ẹ̀yin ará, ta ni kò ní fún un? Ìbejì ni. Ohun tí a bá fún ọ̀kan, a fún èkejì. Àwọn tó kù ń tara wọn lẹ́yìn rẹ̀, mi ò gbójú sókè wo ibi tí Táyé wà.

Páálí ṣófo. Aunty Fúnkẹ́ yí i dà sílẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n. "Ó tán! Ẹ ṣeun, Jésù, ọmọ pé!" Bọ́ọ̀sì bá gbéra.

Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó sí, Kẹ́hìndé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo ọmọ ń jẹ. Bísíkíìtì méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, kò já ọ̀kan. Ọmọ tí kò jẹun láti aago méjìlá!

Mo rọra bi í, "Táyé dà?"

"Ó wà nínú bọ́ọ̀sì kejì."

Bọ́ọ̀sì kejì ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni Kẹ́hìndé ń wò lójú fèrèsé. Igbó ló ń wò. Inú mi dàrú. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá fẹ́ tọ̀, èkejì á ní òun náà fẹ́ tọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa wọ bọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

A ti jáde sí títì. Mama Díákónì wà níwájú, wọ́n ń sọ̀rọ̀, Aunty Fúnkẹ́ ń dá wọn lóhùn. Mo la ẹnu, kò sí nǹkan. Mo tún un là. Mo ń wo ẹ̀yìn orí àwọn àgbà méjèèjì, ó dà bíi pé léèsì yẹn tún ń jó níwájú mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá dá gbogbo èrò dúró lásán? Bọ́ọ̀sì ń sáré, igbó ń jìnnà. Mo bá di ojú, mo gbàdúrà tí kò gùn rárá. Mo ní, "Jésù, mi ò tọrọ owó, mi ò tọrọ ọkọ. Fún mi ní ohùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn gbọ́ ohùn kan tó ń ké, "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Èmi ni!

Brother Múyìwá tẹ búréèkì, àwọn ọmọ ṣubú lu ara wọn. Wọ́n bojú wẹ̀yìn. "Sister Kẹ́lẹ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ké báyẹn, àbí ọ̀bọ yẹn bá wa wọlé ni?"

Mo ní, "Táyé ò sí."

Mama Díákónì yíjú padà. "Pa ẹnu ẹ dé! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Wọn kì í fi ẹnu pe ibi wá bá ọmọ. Bísíkíìtì tán àbí kò tán?"

Níjọ́ mìíràn, ǹ bá ti jókòó. Ṣùgbọ́n ohùn tí Ọlọ́run fún mi kò tíì tán. Mo ní, "Ó tán, Mama. Ṣùgbọ́n méjì ni mo fún Kẹ́hìndé."

Aunty Fúnkẹ́ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sáré lọ wo bọ́ọ̀sì kejì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ti ká ọwọ́ lérí. Kẹ́hìndé bú sẹ́kún. "Bàtà Táyé já bọ́ sínú omi nígbà tí ọ̀bọ lé wa. Ó ní òun fẹ́ lọ mú un. Ó ní kí n má sọ, pé Mummy á nà wá."

Kí a tó padà débẹ̀, wọ́n ti ti géètì. Gáàdì tó wà níbẹ̀ ní, "Madam, nobody dey inside. I don check am." Aunty Fúnkẹ́ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹkún ti gba ẹnu wọn. Èmi ni mo di irin géètì mú. Mo ní, "Oga, abeg. Na small pikin." Ó wo ojú mi, ó mú kọ́kọ́rọ́. Mama Díákónì, tí orúnkún ń dùn, kúnlẹ̀ sínú iyanrìn lẹ́nu géètì, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run.

Èmi àti gáàdì sáré gun afárá. Igbó tí a fi ẹ̀rín jáde nínú rẹ̀ ti yí padà. Ó ti ń ṣókùnkùn lábẹ́ igi. Nǹkan já bọ́ sómi, pọ̀ọ̀, mo dúró. Mo pe "Táyé!" títí. Kò sí ìdáhùn. A kọjá pátákó tí wọ́n ya ọ̀nì sí. Gáàdì ń tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi, kò wo ojú mi. Mo ní, "Olúwa, mo ti ní ohùn báyìí, kí ni kí n fi ṣe?"

Ó wá sí mi lọ́kàn pé ọmọ tó rò pé wọ́n máa na òun kò ní jẹ́ orúkọ. Mo dẹ́kun pípe orúkọ. Mo ké pé, "Kẹ́hìndé ò tíì jẹ bísíkíìtì ẹ̀ o! Ó ní òun ń dúró dè ẹ́!"

A dúró. Ọ̀bọ mi igi lókè. Ohùn kékeré kan wá dáhùn níwájú, "Ṣé kò tíì jẹ tèmi?"

Halleluyah! Ẹ bá mi pè é! Halleluyah!

Abẹ́ bẹ́ǹṣì inú ahéré kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ló sá sí. Igi gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aṣọ yẹ́lò yẹn tutù dé àyà. Ẹ̀yin ará, ó tutù dé àyà! Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú omi yẹn, ó sì ti gòkè padà, kò sí ẹni tó fà á. Gáàdì tan tọ́ọ̀ṣì sí aṣọ náà, ó tan án sí omi, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Na God." Mo gbé e pọ̀n, omi ara rẹ̀ ń ṣàn sí ẹ̀yìn mi, n kò mọ̀ pé mò ń sunkún.

Nígbà tí a dé bọ́ọ̀sì, Kẹ́hìndé na bísíkíìtì kan sí i. Wọ́n jọ já ọ̀rá, wọ́n jọ ń jẹ. Kẹ́hìndé wá bọ́ bàtà tirẹ̀ méjèèjì, ó bọ́ ẹyọ kan tó kù lẹ́sẹ̀ Táyé, ó sọ wọ́n sábẹ́ àga.

Mama Díákónì gbọn iyanrìn lórúnkún. Wọ́n ní, "Ó dáa. A ò ní ka ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n kí kálukú pe orúkọ ara ẹ̀ kí n gbọ́, kí Fúnkẹ́ máa sàmì sí i." Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Nígbà tó kan àwọn ìbejì, wọ́n pe tiwọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mama ní, "Rárá o! Ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ẹ̀yin lẹ sọ wá di báyìí." Ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ mọ́ wa lójú.

A kò fi pa mọ́ fún Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. Wọn kò na ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó àwọn ọmọ méjèèjì mọ́ra láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì, wọ́n ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ wọn tí kò ní bàtà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàtà pupa kan wà nínú omi yẹn dòní. Ọ̀nì ni kó máa wọ̀ ọ́! Ọmọ wa kò sí níbẹ̀. Ọlọ́run yọ Táyé nínú omi, ó sì yọ èmi náà nínú ìdè tí mo ti gbé láti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ rí ohun tó ń jó tí ojú ń tì yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ohùn, ó ní in lọ́wọ́.

Ìwé mi ti tán. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Táyé, Kẹ́hìndé, ẹ wá síwájú kí ìjọ rí yín. Ẹ pe orúkọ yín fún wọn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan o.