Itan Ewúrẹ́ Tí A Sè Jẹ

Ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Ẹ̀yin ọmọ Ẹfúnróyè ní Òkè-Ìlá, ẹ lọ mú Ìyá Morónkẹ́, orogún ìyá yín, wá láti Ìrèsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí síwájú.

Èmi ni Dókítà Akínwùmí. Ní ọdún 1993, mo ń kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ oògùn mú kí apá nìkan kú, kí aláìsàn lè lajú sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un. A kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú apá. Ìdánrawò nìkan ni ojú wa. Ọ̀gá wa, Dókítà Oyèdọ̀tun, ra itan ewúrẹ́, wọ́n ki wáyà sínú rẹ̀ bí ẹni pé iṣan ni. Wọ́n ní, “Ẹ gún un lọ́gbọ̀n ìgbà kí ẹ tó fọwọ́ kan èèyàn. Ẹni tí ẹ bá gún níṣan á ní ó ń ta òun dé ìka. Ẹ fa abẹ́rẹ́ padà o, ẹ má ti oògùn sí i, kí ọwọ́ náà má baà kú pátápátá.” Wọ́n bá lọ sí Ìbàdàn. Èmi àti Gbénga, ẹlẹgbẹ́ mi, gún ẹran náà lẹ́ẹ̀mejì péré. A fa wáyà yọ, a sè é, a fi jẹ iyán. Gbénga ní, “Ewúrẹ́ ò lè pè wá lẹ́jọ́.” A kọ ọ́ sínú ìwé pé a gún un lọ́gbọ̀n ìgbà, a fọwọ́ sí i. Alájẹkì ni mí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ìyá yín dé. Àdá ti ṣá wọn lọ́wọ́ ọ̀tún ní oko obì. Mo gún wọn lábíyá. Wọ́n ní, “Dókítà, ọmọ mi, ó ń ta mí dé ìka.” Mo gbọ́ ọ ketekete. Ojú ń tì mí níwájú nọ́ọ̀sì, mo ní, “Ẹ fara dà á, Màmá.” Mo ti oògùn náà tán. Ọwọ́ yẹn kò jí mọ́.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Babáyẹmí, àkọ́bí yín, wá bi mí pé, “Dókítà, àbí ọwọ́ ayé ni?” Ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mo mi orí, mo ní, “Nǹkan wà tí ìwé ò kọ́ wa.” Mo mọ ẹni tí ẹ máa fura sí. Lọ́jọ́ kẹta ni ẹ da ẹrù Ìyá Morónkẹ́ síta, àwọn tó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún orogún wọn ní wọ́ọ̀dù láràárọ̀. Mo rí wọn ní gáréèjì pẹ̀lú àpótí wọn. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí olè.

Inú ń bí mi sí Gbénga. Ó ń bí mi sí ẹ̀yin náà, tí ẹ kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó bí mi sí ara mi ju gbogbo yín lọ. Ẹ̀yin dókítà kékeré tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò ṣe.

Ìyá Morónkẹ́, n kò lójú láti ní kí ẹ dárí jì mí. Babáyẹmí, ìwọ lo gbé àpótí wọn jù síta. Dìde, kí o fi orí ara rẹ rù ú wọlé.