Bí O Bá Ṣìnà ní Mẹ́síkò

Awakọ̀ tó gbé wa láti Òde Rẹ́mọ fún èèyàn mẹ́rin mọ́ ìjókòó ẹni mẹ́ta, kò sì tọrọ àforíjì. Ìdí nìyí tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń lọ gbafẹ́ lórí òkun.

"Màámi, ọjọ́ kan péré la máa yà sí èbúté Mẹ́síkò. Mi ò ní wọ góòlù, màá sì tètè padà sínú ọkọ̀."

"Bí o bá ṣìnà ńkọ́?"

"Fóònù wà."

"Fóònù tó ń kú lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́! Wá obìnrin tó dàgbà tó mi, tó ń tajà, kí o dúró tì í."

"Èdè wo ni màá fi kí i?"

"Kúnlẹ̀. Bó bá ti bímọ rí, á yé e."

Ọmọ náà gbórí lé èjìká ìyá rẹ̀. Mo sún fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àyè.