Akínlabí, Ẹni Tó Ń Tọ́ Sìgá Gígùn Wò

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹkún kó jọ sí Lokogoma nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ kú ìrọ́jú.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa lára àwọn ọmọ tí òkú fi sílẹ̀. Lydia bí ọkùnrin làǹtìlanti. Ànú bí obìnrin, èmi ló sì jọ, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Diméjì ti gbé Jọlá níyàwó. Tiwátọ́pẹ́ ti lọ́kọ, ọkọ náà sì mọ àgbà kí. Ilé Akínlabí kò dahoro.

Èmi ni Ọmọ́níkẹ́, ẹ̀gbọ́n òkú. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ẹ mọ̀ pé mo ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní Garki, mo sì ti ń kàwé fúnra mi. Lónìí, wọ́n fún mi ní ìwé ètò ìsìnkú. Mo ka ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó pé. Mo ka iṣẹ́ ìjọba tó ṣe, ó pé. Mo wá iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, n kò rí i. Mo yí ojú ìwé, mo tún un yí. Mo bi alága ètò ìsìnkú, mo ní, “Alàgbà Hezekiah, iṣẹ́ àbúrò mi dà?”

Alàgbà ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká bo Bàbá láṣìírí. A kì í ka ọ̀rọ̀ sìgá lórí òkú onígbàgbọ́.”

Àṣírí wo? Ṣé ó jalè ni?

Àbúrò mi ń tọ́ sìgá wò fún ilé ìtajà kan ní Garki. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Odindi ewé tábà ni, tí wọ́n fọwọ́ wé, tó gùn láti ọrùn ọwọ́ mi dé orí ìka. Kó tó ṣáná sí i, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ìdí dé orí, bóyá ibì kan le, bóyá ibì kan ṣófo. Á gbóòórùn rẹ̀. Á fà á wò láìtíì ṣáná. Bó bá wá ṣáná, kì í gbé èéfín mì. Ẹnu ló fi ń yí i, á sì tú u dà nù. Á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ń rùn bíi kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.” Tó bá dé àárín, á ní, “Iyèré ti wọ̀ ọ́.”

Èmi á ní, “Akínlabí, ṣé ọbẹ̀ lò ń sè ni?”

Á ní, “Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìtajà náà gbé àpótí sìgá kan wá, ọ̀wọ́n gógó. Ó ní kí Akínlabí fọwọ́ sí i pé ojúlówó ni. Àwọn ẹlòmíì ti fà á díẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Akínlabí jókòó. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn bí oyin. Ọ̀gá ní, “Baba, ó ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i.”

Àbúrò mi ní, “Kai, ọ̀gá, sìgá gígùn ni. Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ẹ̀.”

Ó dé àárín, ó ń korò. Eérú ń já lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó kù díẹ̀ kó tán, ó ń ta ahọ́n. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní, “Wọn ò jẹ́ kí ewé yìí sinmi tó kí wọ́n tó wé e. N ò fọwọ́ sí i.”

Ọ̀gá ní òun á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ gbà á. Ẹ ò lè gba ahọ́n mi.”

Olórí kunkun ni àbúrò mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Alàgbà, ẹ ò jókòó tì í rí. Òórùn aṣọ rẹ̀ nìkan lẹ gbọ́ tí ẹ fi dájọ́. Ìyá tó bí yín, èèyàn ire, ó ń fín aṣáà, ó ń sín láàárín àdúrà, a sì sin ín tijó tayọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Mo gbọ́ yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní sìgá ló pa á. Ó lè jẹ́ òun. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sọ pé sìgá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni mu ún. Ọmọ-ọmọ mi tó bá dán an wò á rí ìjà mi. Ṣùgbọ́n ohun tó lè pani kọ́ ni ohun ìtìjú. Ọ̀nà Abaji ti pa awakọ̀ púpọ̀, ẹ kì í yọ iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà kúrò nínú ìwé wọn.

Akínlabí, ọmọ ìyá mi, máa lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́nu ibodè pé iṣẹ́ wo lo ṣe, sọ ọ́ ketekete, má fi bò. Kí ọ̀nà tẹ́jú fún ọ. Kí ẹni rere pàdé rẹ. Ó dàárọ̀, ọmọ tí mo pọ̀n.

Alàgbà, ìwé tuntun la máa fi sin ín lọ́la. Mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́: “Ó tọ́ sìgá gígùn wò, kò fọwọ́ sí irọ́ rí.” Diméjì, gbé e lọ fún atẹ̀wé ní Area 1 kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Owó tí wàá fún atẹ̀wé nìyí: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà.